Tí pákó ilẹ̀ bá ti ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín: bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe tí ọ̀rinrin ò fi ní padà wá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ilé àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, Peckham o, Camberwell o, Lewisham, Plumstead, gbogbo ilé bíríkì tó so mọ́ra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé ìparí yẹn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti wà látìgbà Ọbabìnrin Victoria, ìyẹn láàárín 1837 sí 1901, àwọn tó kọ́ wọn ò sì ṣe ilẹ̀ wọn bá a ṣe ń ṣe tiwa nílé. Lọ́dọ̀ tiwa, fáúńdéṣọ̀n á jáde, wọ́n á kún inú ẹ̀, wọ́n á da jámánì flọ́ọ̀ lé e, ó parí, ẹ lè gbé mọ́tò sórí ẹ̀ tó bá wù yín. Níbí, pákó lẹ̀ ń tẹ̀ nínú pálọ̀ yẹn, abẹ́ pákó náà sì ṣófo. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ àga bá rì wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín kí ẹnikẹ́ni tó mú ayùn ni pé pákó kì í ṣàdédé jẹrà. Omi ló ń bà á jẹ́. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ gbogbo igi ilé náà tán tẹ́ ẹ ò wá ibi tómi ti ń wá, ẹ kàn fowó ṣòfò ni, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa tún pe kápíńtà. Mo sì mọ̀ pé ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ sí èèyàn wa lọ́kàn ni ikán. Kò sí ikán ní Lọ́ńdọ̀nù o. Kòkòrò tó ń lu igi wà, ihò tíntìntín ló máa ń lu, ẹ máa rí ìyẹ̀fun igi lẹ́nu ihò náà, àmọ́ òun gan-an, igi tó bá tutù ló fẹ́ràn jù. Èyí tó ń jẹ jọ́ìsì tán ráúráú, olú ni, kì í sì í ṣe irú olú tá à ń sè.

Bí wọ́n ṣe to ilẹ̀ náà rèé. Pákó tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ sinmi lórí àwọn igi gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní jọ́ìsì, irú tú-bàì-fọ́ọ̀ táwa náà mọ̀, wọ́n dá a ró lórí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wọ́n sì fi nǹkan bí 400mm jìnnà síra wọn. Orí jọ́ìsì wọ inú ògiri lọ, tàbí kó jókòó lórí igi pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ sórí bíríkì, àárín ẹ̀ wá jókòó lórí àwọn ògiri kúkúrú tí wọ́n mọ sínú àlàfo abẹ́ ilẹ̀, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín bíríkì wọn kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀ kọjá. Lára ògiri ìta, bíríkì oníhò wà nísàlẹ̀ níwájú ilé, ó wà lẹ́yìn ilé, atẹ́gùn ń gba tiwájú wọlé, ó ń gba tẹ̀yìn jáde, bó ṣe ń kọjá yẹn ló ń gbé ọ̀rinrin ilẹ̀ lọ. DPC náà wà nínú ògiri, ìyẹn ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ́ sáàárín bíríkì kí omi ilẹ̀ má bàa gòkè, ti òde òní jẹ́ rọ́bà, ti àtijọ́ lè jẹ́ síléètì, irú èyí táwọn bàbá wa fi kọ́ ìwé kíkọ, tàbí kó jẹ́ ọ̀dà dúdú. Níwọ̀n ìgbà tí atẹ́gùn àti DPC bá ń ṣiṣẹ́ wọn, pákó yìí á lò ju 100 ọdún lọ, ọ̀pọ̀ ti lò jù bẹ́ẹ̀. Àwa tá à ń gbé lókè ẹ̀ la máa ń dí i lọ́wọ́.

Ẹ wá omi yẹn kàn ná

Ẹ jáde síta. Ẹ wá gbogbo bíríkì oníhò tó wà níwájú àti lẹ́yìn, ẹ wò ó bóyá ó ṣí. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ìwé ìròyìn dí, èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ pa, èyí tí ọ̀dà ti kún gbogbo ihò ẹ̀ débi pé abẹ́rẹ́ ò lè kọjá, wọ́n á ní nítorí òtútù ni, tàbí nítorí eku. Tó bá jẹ́ eku lẹ̀ ń bẹ̀rù, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin tójú ẹ̀ wẹ́ bò ó, atẹ́gùn á kọjá, eku ò ní ráyè. Tó bá sì jẹ́ òtútù, ìyẹn ní ọ̀nà tiẹ̀, mo máa sọ ọ́ níwájú.

Èyí tó burú jù, tí mo sì ń rí jù, ni tàwọn tó fa kíṣìnì gùn sẹ́yìn. Bíríkílà dé, ó da kọnkéré sí ilẹ̀ kíṣìnì tuntun, kọnkéré yẹn dí gbogbo bíríkì oníhò ẹ̀yìn ilé pa, kò sì sẹ́ni tó rántí ki páìpù sábẹ́ kọnkéré náà kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀ jáde lára ògiri tuntun. Atẹ́gùn á wá máa wọlé níwájú, kò rọ́nà jáde, ó kàn dúró sójú kan. Gbogbo èèyàn ti wá kí yín kú oríire kíṣìnì, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni pákó yàrá àárín á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa so ọ́ mọ́ kíṣìnì. Nínú ilé èyíkéyìí tí wọ́n bá ti fẹ̀ sẹ́yìn, yàrá àárín yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àtúnṣe ẹ̀ ò rọrùn ṣùgbọ́n ó wà: tí ẹ̀gbẹ́ kan ilé náà ò bá so mọ́ ti aládùúgbò, ẹ lu bíríkì oníhò síbẹ̀; tó bá so mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, wọ́n lè la páìpù gba abẹ́ ilẹ̀ jáde sẹ́yìn, tàbí kí wọ́n fi fáànù kékeré máa fa atẹ́gùn náà jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ tiyín, ẹ bi bíríkílà yín léèrè páìpù atẹ́gùn kó tó da kọnkéré, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀.

Ní ti bí ihò náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, òfin ilé kíkọ́ ní England ní kó tó 1,500mm² fún mítà kọ̀ọ̀kan ògiri, tàbí 500mm² fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ilẹ̀, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni kẹ́ ẹ mú. Bíríkì oníhò amọ̀ ti àtijọ́, ihò ẹ̀ kéré gan-an, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ tẹ́ ẹ fi oníke tí ò ju òun náà lọ rọ́pò, atẹ́gùn tó ń wọlé á ju ìlọ́po méjì lọ. Iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni, kò sì wọ́n.

Ẹ tún wo bí ilẹ̀ ìta ṣe ga sí. DPC gbọ́dọ̀ fi 150mm ga ju ilẹ̀ ìta lọ, ìyẹn bí ìlà bíríkì méjì. Àwọn tó ti da kọnkéré síwájú ilé kí wọ́n lè ríbi gbé mọ́tò sí, tàbí tí wọ́n to òkúta lé òkúta tó ti wà níbẹ̀, ilẹ̀ wọn ti ga dé DPC, ìgbà míì ó ti kọjá ẹ̀, òjò tó bá rọ̀ kàn ń ta sí ògiri lókè DPC ni, ó tún ń ṣàn gba bíríkì oníhò wọ abẹ́ ilé lọ. Ẹ gbẹ́ ẹ sísàlẹ̀, ó kéré tán kẹ́ ẹ la kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́bàá ògiri kẹ́ ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kómi má bàa dúró síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tójò bá ń rọ̀ gan-an, ẹ wọ kóòtù kẹ́ ẹ jáde lọ wo gọ́tà. Lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn, gbogbo gọ́tà ló dáa. Ibi tí ògiri bá ti láwọ̀ ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni páìpù ti ń jò. Nínú ilé, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, abẹ́ ṣáwà, àti páìpù rédíétọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní mítà omi, ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ omi nínú ilé kẹ́ ẹ lọ wò ó, tó bá ṣì ń yí, omi ń jò níbì kan.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń polówó pé àwọn máa wá yẹ ilé yín wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń ta kẹ́míkà, kẹ́míkà ló máa rí pé ilé yín nílò. Á tẹ mítà oníṣòó méjì tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin mọ́ ògiri, á dún, á ní DPC yín ti kú, àfi kí àwọn lu ògiri kí àwọn fún kẹ́míkà sínú ẹ̀. Igi ni wọ́n ṣe mítà yẹn fún o, lára ògiri, iyọ̀ tó wà nínú ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri náà nìkan tó láti mú un dún. Ní tèmi o, tí gọ́tà, ilẹ̀ ìta àti bíríkì oníhò ò bá tíì dáa, mi ò ní sanwó abẹ́rẹ́ ògiri fẹ́nikẹ́ni. Ẹ wá onímọ̀ ilé tí kì í ta nǹkan kan, ẹ san owó ẹ̀, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀ fún yín.

Ṣíṣí pákó

Tó bá jẹ́ pé línò àtijọ́ tàbí táìsì wà lórí pákó náà, pàápàá tí gọ́ọ̀mù dúdú bá wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ dúró ná. Ó lè ní asbestos nínú, 1999 ni wọ́n tó fòfin de èyí tó kù nínú ẹ̀ ní UK, eruku ẹ̀ sì ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ pa iná. Ẹ rántí pé páìpù gáàsì àti wáyà máa ń gba abẹ́ pákó gan-an, ìgbà míì wọ́n kàn ge orí jọ́ìsì díẹ̀ kí wọ́n lè tẹ́ ẹ síbẹ̀, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ayùn oníná, ẹ má jẹ́ kó jìn ju bí pákó náà ṣe nípọn tó lọ.

Ẹ rọra yọ pákó, ẹ ti irin pẹlẹbẹ bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ máa gbé e láti ibi ìṣó kan dé ìkejì. Pákó àtijọ́ yẹn dáa ju ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà báyìí lọ, èyí tí ò bá jẹrà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ẹ̀ kó lè padà sí ipò ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ kúnlẹ̀ síbi wíńdò, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi sikurúdíráfà gún orí jọ́ìsì níbi tó ti wọ ògiri. Igi tó dáa á kọ̀ fún yín, á dún kọ́. Èyí tó ti jẹrà, irin yẹn á wọ̀ ọ́ lọ bí ìgbà téèyàn fi ṣíbí gé mọ́ínmọ́ín, tẹ́ ẹ bá fà á jáde, igi dúdú tútù á lẹ̀ mọ́ ọn, òórùn olú á sì gba imú yín. Ẹ gún ìsàlẹ̀ ẹ̀ náà o, kì í ṣe òkè nìkan. Mo ti rí jọ́ìsì tí òkè ẹ̀ le bí igi tuntun, ẹ fọwọ́ gba abẹ́ ẹ̀, ó ń já bọ́ wẹ́wẹ́.

Ẹ wá wo irú olú tó jẹ ẹ́, wet rot ni àbí dry rot, torí iṣẹ́ wọn ò rí bákan náà. Wet rot kì í kúrò níbi tómi wà, igi á dúdú, á rọ̀, á là gbọọrọ-gbọọrọ, tómi bá ti dúró òun náà á dúró. Dry rot ni ọ̀tá. Òun máa ń ta funfun bí òwú, nígbà míì àwọ̀ ìyeyè á wà lára ẹ̀, á na okùn aláwọ̀ eérú gba inú bíríkì kọjá lọ wá igi míì ní yàrá kejì, igi tó bá ti jẹ á gbẹ, á là sí wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin, ara olú ẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, àárín ẹ̀ láwọ̀ irin tó dógùn-ún, etí ẹ̀ funfun. Tẹ́ ẹ bá rí eruku pupa lórí pákó tẹ́ ẹ ò mọ ibi tó ti wá, ẹ fura. Pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀ náà, igi tí omi inú ẹ̀ ò bá tó nǹkan bí 20% kì í lè jẹ. Tó bá jẹ́ dry rot lẹ rí tó sì ti wọ ògiri, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ má dá a ṣe.

Gígé àti pípààrọ̀

Fún wet rot, ẹ gé jọ́ìsì náà kọjá ibi tó ti jẹrà ní nǹkan bí 300mm, kẹ́ ẹ dé igi tó le dáadáa. Fún dry rot, àwọn oníṣẹ́ máa ń gé e tó mítà kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa ṣe é, kẹ́ ẹ sì fi igi gbé èyí tó kù ró, ẹ má gé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ wá dúró sáàárín àlàfo. Igi tuntun tẹ́ ẹ máa rà, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi oògùn rì, C16 tàbí C24, ìyẹn àmì bí igi náà ṣe lágbára tó, ló sì máa wà lára ẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá fi ayùn kọjá lára ẹ̀, oògùn ò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun oògùn síbẹ̀, ọ̀pọ̀ kápíńtà ló máa ń fo èyí.

Ibi tí tuntun àti àtijọ́ ti pàdé, ó dáa jù kó jókòó lórí ọ̀kan nínú àwọn ògiri kúkúrú yẹn, kẹ́ ẹ to wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ fi bóòtù dè é. Tó bá jẹ́ inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa ti pàdé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi 600mm ó kéré tán kọjá lára ara wọn, ẹ fi bóòtù M12, ìyẹn èyí tó nípọn 12mm, dè wọ́n, ẹ jẹ́ kí ènjíníà wò ó tí àyè náà bá gùn. Igi òde òní máa ń kéré díẹ̀ sí ti àtijọ́, nítorí náà orí ẹ̀ á lọ sílẹ̀. Síléètì tàbí ike le ni kẹ́ ẹ fi ki abẹ́ ẹ̀, ẹ má fi páálí tàbí ègé igi rírọ̀.

Ti orí jọ́ìsì tó máa wọ ògiri yẹn ni kẹ́ ẹ farabalẹ̀ ṣe jù, torí ògiri náà ṣì tutù. Àwọn àgbà oníṣẹ́ máa ń sọ pé ògiri tó ti mu omi yó, oṣù kan ló ń gbà kí íǹṣì kan nínú ẹ̀ tó gbẹ, ẹ wá wo ògiri íǹṣì 9. Ẹ ò lè dúró bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè yà á sọ́tọ̀. Ẹ fi rọ́bà DPC tẹ́ abẹ́ orí jọ́ìsì kẹ́ ẹ fi wé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi àyè tí ìka kan lè wọ̀ sílẹ̀ láàárín igi àti bíríkì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù o, tí àyè bá wà, ni pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kó wọ ògiri mọ́ rárá: ẹ mọ ògiri kúkúrú míì síwájú ògiri ìta, ẹ tẹ́ DPC lé e, kí jọ́ìsì jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí gbogbo ilẹ̀ bá ṣì wà ní ṣíṣí, ẹ kó gbogbo pàǹtírí abẹ́ ẹ̀ jáde. Ẹ máa rí bíríkì àfọ́kù, iyanrìn, ègé igi, àwọn tó kọ́lé yẹn ló fi í síbẹ̀. Èyí tó bá ga mọ́ ògiri ń fa omi kọjá DPC, ègé igi sì jẹ́ oúnjẹ olú. Láti ìsàlẹ̀ jọ́ìsì dé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ yẹ kó tó 150mm.

Ọ̀rọ̀ òtútù tí mo ní mo máa sọ nìyí: àkókò yìí ni kẹ́ ẹ fi insulation, ohun tó ń dènà òtútù, sáàárín àwọn jọ́ìsì, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì gbé e ró nísàlẹ̀ kó má bàa já, ẹ má sì jẹ́ kó bo ojú bíríkì oníhò láti inú. Tí àtúnṣe yín bá ju ìdajì ilẹ̀ náà lọ, ẹ bá Building Control ti káńsù, àwọn tó ń mójú tó òfin ilé kíkọ́, sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí òfin lè sọ insulation náà di dandan fún yín. Tẹ́ ẹ bá ti to pákó padà, ẹ má yára fi línò bò ó láti ògiri dé ògiri, torí ọ̀rinrin tó bá kù nínú pákó ò ní ríbi gbà jáde.

Ọ̀rinrin tó ń wá láti inú ilé náà wà o, ti ìyẹn ò lọ́jọ́ orí. Ẹ̀wà tá à ń sè fún wákàtí méjì láìdé ìkòkò, aṣọ tútù tá a sá sórí rédíétọ̀, wíńdò tá a tì pa láti October títí di April, gbogbo omi yẹn á lọ lẹ̀ mọ́ ògiri tó tutù jù, á máa hukasì lẹ́yìn wọ́dúróòbù. Ẹ dé ìkòkò, ẹ tan fáànù tó ń tú jáde síta, ẹ máa ṣí wíńdò díẹ̀ láàárọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń háyà ilé, gbogbo iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí kì í ṣe tiyín. Òfin Landlord and Tenant Act 1985, abala 11, ti gbé àtúnṣe ara ilé lé láńlọ́ọ̀dù lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ilé káńsù tàbí ti housing association ní England, Awaab's Law ti bẹ̀rẹ̀ láti October 27, 2025, wọ́n ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti wá yẹ ọ̀rinrin tó léwu wò, tó bá jẹ́ pàjáwìrì, wákàtí 24. Ẹ kọ̀wé, ẹ ya fọ́tò, kí déètì wà lára ẹ̀.

Fún onílé, ohun kan ṣì kù. Kẹ́ ẹ tó kan pákó ìgbẹ̀yìn, ẹ ṣe ibi kékeré kan tó ṣeé ṣí, nínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn ló dáa jù, tó fẹ̀ tó ibi tí orí àti apá kan lè wọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn òtútù, ẹ ṣí i, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi mítà oníṣòó méjì yẹn gún jọ́ìsì. Tó bá wà lábẹ́ 20%, ẹ dé e padà. Síkúrù ni kẹ́ ẹ fi dè é, kì í ṣe ìṣó.